Àìsàn Ojú Lára Ajá: Ohun Tí Ẹni Tó Ń Sin Ajá àti Òṣìṣẹ́ Ìlera Ní Láti Mọ̀

Ajá kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé ojú ń dun òun. Kí ẹni tó ń sìn ín tó fura, àìsàn náà a ti máa wọra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò tàbí ẹni tó ń ta oògùn ni wọ́n máa ń lọ láti béèrè oògùn ojú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú.

Báwo ni ó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀?

Ajá a máa di ojú kan, omi a máa jáde níbẹ̀, a sì máa fi ẹsẹ̀ ra ojú náà. Ẹni tó ni ín a rò pé eruku ni. A mú oògùn ojú tí ẹnìkan lò kù nínú ilé, a kán an sí i. Bí oògùn náà bá ní sítẹ́rọ́ídì nínú, irú bíi dexamethasone tàbí betamethasone, pípọ́n ojú náà lè rọlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọkàn onílé a sì balẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí egbò bá wà lójú náà tẹ́lẹ̀, ìtura ẹ̀tàn ni. Sítẹ́rọ́ídì kì í jẹ́ kí egbò ojú tètè jiná, ó sì máa ń dín agbára ara láti bá kòkòrò àrùn jà kù. Egbò náà a máa jinlẹ̀ sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú lè jẹrà, kí ó sì lu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbé ajá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú títí di àkókò yìí.

Oògùn kan náà yìí wúlò fún àwọn àìsàn ojú mìíràn. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Kí ni ó máa ń fa àìsàn ojú ajá?

• Ìfarapa: èékánná ológbò, ẹ̀gún tàbí igi lè ha ojú.

• Oró ejò: sèbé tí ń tu oró wà káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Bí oró rẹ̀ bá ta sí ajá lójú, ẹ fi omi mímọ́ púpọ̀ ṣan ojú náà lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko.

• Àrùn inú ẹ̀jẹ̀: kòkòrò trypanosome, tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, lè mú kí ojú ajá di funfun bí ìkùukùu. Ibà a mú un, a rù, èrìgì rẹ̀ a sì ṣì. Oògùn ojú nìkan kò lè wo èyí sàn; ó di dandan kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

• Ojú gbígbẹ: ipin tó ki, tó sì ń lẹ̀, kì í tán lójú.

• Ẹran pupa ní kọ̀rọ̀ ojú ọmọ ajá: ibi tí omijé ti ń sun ni ó yọ síta. Kò yẹ kí a gé e dànù, nítorí ojú náà lè gbẹ lẹ́yìn ọ̀la. Dókítà lè rán an padà sí àyè rẹ̀.

• Ẹyinjú tó yọ síta: èyí sábà máa ń ṣe àwọn ajá onímú kúkúrú, bíi Lhasa Apso, lẹ́yìn ìjà tàbí ìjàǹbá. Ẹ má ṣe tì í padà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú normal saline bò ó, kí ẹ sì máa lọ ní wákàtí náà gan-an.

Kí ni dókítà ojú ẹranko máa ń ṣe?

Ẹnu a máa ya àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pé àyẹ̀wò ni ó ń ṣáájú oògùn. Dókítà yóò fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 láti wọn omijé. Mílímítà 15 sókè ni ó dára. Bí kò bá tó 10, ó ṣeé ṣe kí ojú náà ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àwọ̀ fluorescein sí i; ibi tí egbò bá wà yóò tàn bí ewé tútù. Yóò tún wọn ìfúnpá inú ojú, tí ó sábà máa ń wà láàárín 10 sí 25 mmHg. Bí ìfúnpá yìí bá ga sókè lójijì, ajá lè fọ́jú láàárín ọjọ́ 1 sí 3.

Àwọn dókítà tó ní ìmọ̀ àkànṣe yìí kò pọ̀ ní agbègbè wa. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, ti Ahmadu Bello ní Zaria, ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, àti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ní Dakar wà lára ibi tí a lè tọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò fluorescein kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Dókítà ẹranko tó súnmọ́ yín lè ṣe é.

Nígbà mìíràn, dókítà lè ní kí a yọ ojú tó ti bàjẹ́. Èyí máa ń dun ẹni tó ni ajá púpọ̀. Síbẹ̀, ojú tí kò ríran mọ́ lè máa fa ìrora lójoojúmọ́. Ajá tó ní ojú kan, àní ajá tó fọ́jú pàápàá, lè gbé ìgbé ayé tó dára, nítorí imú àti etí ni ó fi ń mọ ọ̀pọ̀ nǹkan.

Ìmọ̀ràn fún òṣìṣẹ́ ìlera

1. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ojú ènìyàn fún ajá láìsí ìwé dókítà ẹranko.

2. Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa kẹrosíìnì, ìtọ̀ àti omi ewé tí àwọn kan ń fi sójú.

3. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fún ajá ní ibuprofen tàbí paracetamol fún ìrora. Àwọn oògùn yìí lè ṣe é ní jàǹbá. Paracetamol a sì máa pa ológbò.

4. Ajá tí ojú ń dùn lè bu ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì tètè rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ìbáà jẹ́ ajá ilé.

Bí ajá bá ń di ojú, bí ojú rẹ̀ bá yí àwọ̀ padà, tàbí bí ó bá ń forí gbá nǹkan nínú ilé, kí ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà, kí ẹ sì mú gbogbo oògùn tí ẹ ti kán sí i dání, kí dókítà lè rí i.