Kámẹ́rà Àkọ́kọ́ fún Ọmọ Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Fíìmù

Ọ̀rọ̀ ọjà ni tòní náà, àmọ́ kì í ṣe ti àgbàdo, kì í ṣe ti gàrí. Ìyá kan ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Kùtọnu, ó sì ti rí kámẹ́rà àlòkù kan tí wọ́n ń tà ní 200.000 fráǹkì. Iye tí ìyá yìí máa kó nínú àjọ lóṣù tó ń bọ̀ gan-an nìyẹn. Ó ní, "Ṣé kí n gbé e fún un?"

Màmá, bí agbára yín bá ká a, ẹ fún un. Ṣùgbọ́n kó má fi gbogbo rẹ̀ ra kámẹ́rà. Bí owó kámẹ́rà bá ti kọjá nǹkan bí ìdajì owó tó wà lọ́wọ́, ọmọ náà máa ní kámẹ́rà, kò ní rí fíìmù ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kí ló máa ń lé wa kúrò nídìí fíìmù? Bí àwòrán bá ṣókùnkùn díẹ̀, a máa ń fara dà á. Ṣùgbọ́n bí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, tó jẹ́ ariwo zémijan àti atẹ́gùn nìkan là ń gbọ́, ta ló máa jókòó? Míkrò tó wà nínú kámẹ́rà kò mọ ẹni tí a fẹ́ gbọ́. Gbogbo ohun tó wà láyìíká ló ń kó jọ, títí kan ìka ẹni tó di kámẹ́rà mú. Nítorí náà, kí ọmọ yìí tó béèrè bí àwòrán ṣe dán tó, kó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà wò: ṣé ó ní ihò tí a lè ki míkrò bọ̀?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí wọ́n rò pé èyí tó jáde kẹ́yìn ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Canon 600D jáde ní 2011, ó ní ihò míkrò. Canon 1300D jáde ní 2016, kò ní. Nikon D3300 ti ọdún 2014 ní ihò náà. D3400 tó tẹ̀ lé e ní 2016, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá ń wo ọdún nìkan máa san owó tó pọ̀ gba èyí tí kò ní wúlò fún un.

Bí ẹ bá bi mí, 600D tàbí 700D ni màá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá. Bátìrì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, ojú wọn tó ń ṣí síta sì ń jẹ́ kí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ lè rí ara rẹ̀. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà. 600D máa ń dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 12, ẹ ní láti tún un tẹ̀. 700D lè lọ títí dé bí ìṣẹ́jú 30. Fún fíìmù kúkúrú, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá fẹ́ máa gba iṣẹ́ ìgbéyàwó àti ìsìnkú kó lè rí nǹkan dá padà fún ìyá rẹ̀, ìṣẹ́jú 12 máa dùn ún. Ẹ fojú inú wò ó: ìyàwó ń kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́wọ́, kámẹ́rà ti dúró!

Ẹni tó ń tajà á sọ ti 4K fún yín. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Àwòrán 4K ń gba àyè nínú kàádì, ó sì ń fẹ́ kọ̀ǹpútà alágbára láti gé e àti láti tò ó. Full HD tó akẹ́kọ̀ọ́ lò.

Ìdajì owó tó kù ńkọ́? Míkrò kékeré tí a ń há mọ́ àyà aṣọ, bátìrì kejì, kàádì méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta tó dúró gírí tí a ń gbé kámẹ́rà lé, owó ọkọ̀, àti oúnjẹ. Ẹ má fi ti oúnjẹ ṣẹ̀rín o. Ọ̀rẹ́ tó bá yín ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ látàárọ̀, tí ebi pa á, kò ní padà wá lọ́la. Bí owó míkrò ò bá sì tíì sí, kí òṣèré fi fóònù sápò, kí fóònù náà máa gba ohùn. Kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń tò ó nínú kọ̀ǹpútà, ibi tí ọwọ́ ti pàdé nínú àwòrán ni wọ́n máa fi ìró àtẹ́wọ́ náà sí, ohùn àti ẹnu á wá bára mu.

Ó ku ìdúnàádúrà. Kí ọmọ náà má lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfo. Kó mú kàádì tirẹ̀ dání, kó mú míkrò, kó sì tan kámẹ́rà náà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko níwájú ẹni tó ń tà á. Kó ki míkrò bọ ihò, kó mì í díẹ̀: bí ohùn bá ń lọ tó ń bọ̀, ihò ti jẹ nìyẹn. Kó yọ awò iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní objectif, kó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kó wo inú rẹ̀. Bó bá rí ohun funfun tó tàn bí okùn aláǹtakùn, kó dá a padà. Ọ̀rinrin ló fà á, ó sì máa ń gbilẹ̀ sí i. (Èyí tó bá mọ́, kó fi í pamọ́ pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, wọ́n ń fa omi.) Bátìrì tó bá ti wú, kó má gbà á rárá. Bó bá jẹ́ Sony tó ti Japan wá ni, kó ṣí ibi tí a ti ń yan èdè: ọ̀pọ̀ nínú wọn, èdè Japan nìkan ló wà níbẹ̀.

Kàádì ayédèrú náà ń bẹ nígboro. Wọ́n á kọ 64 sí i lára, nígbà tí inú rẹ̀ kò gbà ju 8 lọ. Kí wọ́n gba àwòrán títí kàádì á fi kún, kí wọ́n wá ṣí ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn wò. Ẹ ṣe èyí nílé, kó tó di ọjọ́ iṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ: wọ́n á gba àwòrán lábẹ́ iná gbọọrọ inú ilé, àwòrán á máa ṣẹ́jú. Wọ́n á ní kámẹ́rà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. 50 Hz ni iná mànàmáná tiwa níhìn-ín, 60 ni ti Amẹ́ríkà. Kí wọ́n yí kámẹ́rà sí PAL, kó máa gba àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí wọ́n sì fi ìyára rẹ̀ sí 1/50. Ìṣẹ́jú náà á dẹwọ́. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ wa, tí ẹ ò ní 200.000, ẹ má tíì pa rédíò. Fíìmù Tangerine, tí Sean Baker ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2015, fóònù iPhone 5s ni wọ́n fi gbà á, ilé sinimá sì gbé e jáde. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín lè ṣe fíìmù ọdún àkọ́kọ́, bó bá ti ní míkrò àti ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹ sì lè pawọ́ pọ̀. Paulin Vieyra, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ níbí ní 1925, kò dá ṣe Afrique-sur-Seine ní 1955. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe é ní Paris. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lè dá owó ra kámẹ́rà kan. Kìkì pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó rà á: ta ni yóò máa gbé e sílé, ta ni yóò tún un ṣe bó bá já bọ́, èló ni ẹni tó bá fẹ́ kúrò máa gbà.

Màmá, ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹ ní kó gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un, kí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ kámẹ́rà náà wà nínú ìwé ọ̀hún, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó tà á. Bí ẹni yẹn bá kọ̀, kí ọmọ gbé owó yín padà wálé.