Bí nọ́ọ̀sì UCH ṣe fi iṣẹ́ ìlera lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ n'Íbàdàn

Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún nídìí iṣẹ́ nílẹ̀ yìí, owó ìfẹ̀yìntì ló sábà máa ń rò. Ti Abilékọ Grace Ẹ̀bùn Delano kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni màmá yìí, ọdún 1935 ni wọ́n bí wọn. Nígbà tó di 1989, àwọn àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ Ládípọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ n'Íbàdàn tó ń rí sí ìlera ìbímọ àti ti ẹbí, ARFH ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni màmá sì fi jẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ náà.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kan náà ni o! Nọ́ọ̀sì, aláìsàn ló ń wá a wá, tó bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tìjọba, tí kì í sì í wá èrè, òun ló gbọ́dọ̀ wá èèyàn lọ. Ó gbọ́dọ̀ bẹ àwọn tó ń fowó ṣèrànwọ́, kó tún kọ́ àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa ìṣègùn níṣẹ́.

Màmá Delano ti ń ṣe irú ẹ̀ bọ̀. Láàrin àwọn ọdún 1980, wọ́n wà lára àwọn ará UCH tó kọ́ àwọn ọlọ́jà n'Íbàdàn bí wọn yóò ṣe máa ta ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí láàrin ọjà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ọsibítù tẹ́lẹ̀, ìyá ọlọ́jà ti ń ṣe é.

Ti àwọn ọ̀dọ́ ló wá le jù. Nílé Yorùbá, ta ló ń bá ọmọ ọdún 15 sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀? Òbí ń tijú, olùkọ́ ń fọwọ́ bò ó, ọmọ wá ń gbọ́ òótọ́ pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́. Oyún òjijì ń lé ọmọbìnrin kúrò nílé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni Éèdì ń yọ́ wọlé. Ní 1986 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà. Nígbà tó fi di 2001, àyẹ̀wò àwọn aláboyún fi hàn pé 5.8 nínú 100 ló ní kòkòrò náà lára.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ARFH àti ẹgbẹ́ Advocates for Youth ti Amẹ́ríkà gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà àti Gánà. Àwọn ọ̀dọ́ gan-an ni wọ́n kọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ máa kọ́ ẹgbẹ́ wọn.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ètò náà jáde ní 2001, Màmá Delano sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Wọn ò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ láàrin àwọn ọmọ girama àti ti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn tí kò sí nílé ìwé. Èèyàn ò sì ní í ronú jìnnà kó tó mọ ìdí ẹ̀. Ọmọ ilé ìwé, kíláàsì lẹ ó ti bá a láràárọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Challenge, òní ló wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀, lọ́la ó ti gba fíríìdọ́ọ̀mù, ó ti bá tiẹ̀ lọ. Àfi kí wọ́n tún wá ẹlòmíì kọ́.

Ọgbọ́n ńlá nìyẹn fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba iṣẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ l'Ágbowó, Bódìjà àti Ring Road lónìí. Ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n bá ti fi jẹ alákòóso báyìí, wọn a fẹ́ dá gbogbo ẹ̀ ṣe. Àwọn ni yóò di gbohùngbohùn mú, àwọn ni yóò pín ìwé, àwọn ni yóò tún ya fọ́tò. Ọjọ́ tí wọ́n bá rìnrìn àjò, iṣẹ́ dúró! Alákòóso tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ yóò kọ́ ẹlòmíì, yóò ṣọ́ ọ títí ọwọ́ ẹ̀ fi mọ́ ọn, yóò wá yẹra fún un kó ṣe é. Bí ìyẹn náà bá lọ, ẹni tó kù nílẹ̀ yóò lè gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò, ta lẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí?