Kíkó Ọmọ Ogun Kúrò ní Dunkirk: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Rí Lọ́dọ̀ Àwọn Jámánì

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí bá ìtàn Dunkirk mu rẹ́gí. Láàrin ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1940, ọmọ ogun 338,226 ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó kúrò ní etíkun Dunkirk ní ilẹ̀ Faransé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu àwọn tó bọ́ ni wọ́n ti sábà máa ń gbọ́ ìtàn náà. Àpilẹ̀kọ yìí yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ti ká ọ̀tá mọ́ etí òkun fi dúró? Èsì tó wọ́pọ̀ ni pé Hitler nìkan ló ṣe àṣìṣe náà. Àwọn ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí Àwọn Jámánì Ṣe Dé Etí Òkun

Ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún ni Jámánì bẹ̀rẹ̀ ìkọlù rẹ̀. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti ń sáré lọ pàdé ogun ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀wọ́ ọmọ ogun mìíràn, tí Ọ̀gágun Gerd von Rundstedt jẹ́ olórí wọn, gba inú igbó Ardennes yọ sí wọn lẹ́yìn. Wọ́n la odò Meuse kọjá ní Sedan ní ọjọ́ 13. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20, táńkì wọn ti dé Abbeville, létí òkun. Wọ́n ti gé ọmọ ogun ọ̀tá sí méjì.

Ìyára yìí gan-an ló dẹ́rù ba àwọn olórí ogun Jámánì. Táńkì ti sáré fi àwọn ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn sílẹ̀ lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ wọn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ lù wọ́n lẹ́bàá Arras ní ọjọ́ 21, ìkọlù náà kò yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ó fi kún ìbẹ̀rù náà.

Àṣẹ Ìdádúró

Ní alẹ́ ọjọ́ 23, Rundstedt pàṣẹ pé kí táńkì dúró kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè bá wọn. Ní ọjọ́ kejì, Hitler dé ibùdó rẹ̀ ní Charleville, ó sì fi àṣẹ ti ìpinnu náà lẹ́yìn. Ní àkókò yìí, ibi tí táńkì wà kò tó 30 kìlómítà sí Dunkirk.

Ìdí tó fà á pọ̀. Èkíní, ìròyìn láti ojú ogun sọ pé nǹkan bí ìdajì táńkì ni kò ṣeé lò mọ́. Èkejì, ilẹ̀ agbègbè náà jẹ́ àbàtà tí omi là kọjá. Hitler mọ ilẹ̀ náà nítorí ó jagun níbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ̀kẹta, púpọ̀ nínú ọmọ ogun Faransé ṣì wà ní gúúsù, wọ́n sì ń fẹ́ kí táńkì ṣẹ́kù fún ìjà náà. Ẹ̀kẹrin, Hermann Göring, olórí ọmọ ogun òfurufú, fọ́nnu pé bàálù òun yóò parí iṣẹ́ náà. Ẹ̀karùn-ún, àwọn olórí kò fi ohùn ṣọ̀kan. Brauchitsch àti Halder fẹ́ kí ogun tẹ̀ síwájú, wọ́n sì ti fẹ́ gba àkóso táńkì lọ́wọ́ Rundstedt fún Ọ̀gágun von Bock. Hitler wọ́gi lé e, ó fi hàn wọ́n pé òun ni aláṣẹ.

Wọn kò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àṣẹ ìdádúró náà títí di ọjọ́ 26. Nígbà tí táńkì fi máa gbéra ní ọjọ́ 27, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fìdí ààbò múlẹ̀ yíká ìlú náà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Heinz Guderian, ọ̀gágun tó bu ẹnu àtẹ́ lu àṣẹ náà gan-an lẹ́yìn ogun, ló jábọ̀ ní ọjọ́ 28 pé kò bọ́gbọ́n mu láti máa fi táńkì jà nínú àbàtà yẹn.

Iṣẹ́ Àwọn Bàálù

Ìlérí Göring kò ṣẹ. Púpọ̀ nínú bàálù rẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn wá, nígbà tí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbéra láti òdìkejì òkun nítòsí. Kùrukùru àti èéfín ìlú tó ń jó bo etíkun láwọn ọjọ́ kan. Iyanrìn sì ń gbé bọ́ǹbù mì, kì í jẹ́ kó ṣọṣẹ́ tó bó ṣe yẹ.

Ìṣẹ́gun ni wọ́n kà á sí

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, àwọn Jámánì wọ Dunkirk. Wọ́n kó nǹkan bí 40,000 ọmọ ogun lẹ́rú, tí Faransé pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n bá ìbọn ńlá tó lé ní 2,000 àti ọkọ̀ tó lé ní 60,000 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀. Lójú wọn, ọ̀tá tó sá láìní ohun ìjà kì í ṣe ọ̀tá mọ́. Hitler kéde pé ìjà tó tóbi jù lọ nínú ìtàn ayé ti parí, ó sì pàṣẹ kí wọ́n ta àsíá, kí wọ́n máa lu agogo káàkiri Jámánì. Ní ọjọ́ 5, wọ́n kọjú sí gúúsù. Paris bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ 22, Faransé fọwọ́ sí ìwé ìdáwọ́ ìjà dúró. Kò sí ẹni tó ń ka iye ọmọ ogun tó la òkun kọjá, bẹ́ẹ̀ ejò tí wọ́n rò pé àwọn ti pa kò tíì kú.

Ẹni Tí Wọ́n Di Ẹ̀bi Rù

Lẹ́yìn ọdún 1945, Hitler ti kú, kò lè wí àwíjàre. Àwọn ọ̀gágun tó yè, títí kan Rundstedt, di gbogbo ẹ̀bi náà rù ú. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ibùdó Rundstedt fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdádúró ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé àánú ni Hitler ṣe fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé àṣẹ tó fi síta ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún kò gbe èyí: ó ní kí wọ́n pa àwọn tí wọ́n ká mọ́ run, kí bàálù má sì jẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sá la òkun kọjá.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ìwà akin àwọn tó bọ́ ní Dunkirk tí àgbéyẹ̀wò yìí dín kù. Ohun tó fi hàn ni pé ìbẹ̀rù, àárẹ̀, ìfọ́nnu àti ìjà àgbà láàrin àwọn aṣẹ́gun lọ́wọ́ nínú ìtàn náà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún olùkọ́ kò fara sin. Ohun tí àwọn èèyàn kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n sọ nígbà tí àbájáde ti hàn kì í sábà dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́ láti gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò ní gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.