Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí gìtá ṣe ń dún bíi synthesizer

Gìtá oníná lè dún bíi synthesizer, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ̀dá ohùn láti inú iná mànàmáná, bí wọ́n bá fi àwọn pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ sáàárín gìtá àti amplifier.

Ìró kíkan tí okùn máa ń ní bí ọwọ́ bá ta á ló ń tú gìtá fó. Pẹ́dà volume ló ń bò ó: ẹsẹ̀ á pa ohùn mọ́ lásìkò tí ọwọ́ bá ta okùn, á wá ṣí i díẹ̀díẹ̀. Fuzz ń gé orí àti ìdí ìgbì ohùn títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di onígun mẹ́rin, irú ìgbì tí synthesizer gan-an ń lò. Octave ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kún un. Okùn kan ṣoṣo ló dára kí wọ́n máa ta sí i, nítorí pẹ́dà octave yìí tètè ń dàrú.

Nínú orin jùjú tí wọ́n ń fi ṣe àríyá ní Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ní Èkìtì, àpẹẹrẹ tó sún mọ́ irú ohùn synthesizer yìí jù ni Dèmọ́lá Adépọ̀jù, tó ta pedal steel fún King Sunny Adé nínú àwo Juju Music, 1982. Irin ni wọ́n ń fà lórí okùn gìtá yìí, ohùn rẹ̀ a sì máa ṣàn láìdá. Àrà ńlá ni.

Ọ̀pọ̀ pẹ́dà ló ń fi bátìrì fóltì 9 ṣiṣẹ́, bí iná ò bá tiẹ̀ sí. Amplifier ló sábà máa ń fẹ́ jẹnẹrétọ̀.