Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Tòkunbọ̀: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni, àbí Ká Ra Tuntun?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ló kàn lójú ewé okòwò wa lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tó ń gbé ní Maryland mọ̀ pé bí òtútù bá ti ń wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ kúrò nínú omi Chesapeake Bay, wọ́n á sì lẹ ìwé títà mọ́ òmíràn lára. Iye tí wọ́n bá pè é lè dà bí ọ̀fẹ́. Ẹbí méjì tàbí mẹ́ta lè dáwó jọ láti rà á, kí wọ́n máa fi gbé àwọn tó fẹ́ pẹja fún ìgbádùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì dísù méjì tó wà nínú rẹ̀ bá ti gbó, iye tí wọ́n pè é kì í ṣe iye tí yóò ná yín.

Kí ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà?

Ẹ kọ́kọ́ wádìí èyí kí ẹ tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe. Ẹni tó ń yẹ ara ọkọ̀ wò fún adójútòfò kì í sábà tú ẹ́ńjìnnì wò, nítorí náà ẹ wá mẹkáníìkì dísù lọ́tọ̀, kó má jẹ́ ti ẹni tó ń ta ọjà.

Ẹ sọ fún olọ́jà pé kó má tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń tanná. Afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ nínú sílíńdà ló ń gbóná débi tí epo fi ń gbiná. Èyí tí agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ kì í fẹ́ dìde nígbà tó bá tutù. Bí wọ́n bá ti mú un gbóná sílẹ̀, àléébù yẹn á fara pamọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo èéfín. Búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ló ń jó. Dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, tàbí pé ẹrù wúwo fún ẹ́ńjìnnì. Funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá ń bá a lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó lè jẹ́ pé epo kò jó tán tàbí pé omi ti ń wọlé. Kí wọ́n sì bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì méjèèjì àti ti gíà lọ sí yàrá ìdánwò. Irin nínú ọ́ìlì ń tọ́ka sí sílíńdà tó ń jẹ, bàbà àti òjé ń tọ́ka sí bèárìn, sódíọ̀mù sì lè jẹ́ ti omi iyọ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì, ìdánwò yìí kò lè sọ púpọ̀.

Ohun tó pa ẹ́ńjìnnì ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ páìpù èéfín tó ti jẹrà ló ń da omi padà sínú sílíńdà, tí ẹ tún ẹ́ńjìnnì ṣe láìpààrọ̀ páìpù náà, owó yín tún máa rì sínú omi kan náà.

Ìgbà wo la lè tún un ṣe?

Bí búlọ́ọ̀kù àti kíráńkì bá ṣì dára, tí ẹ̀yà rẹ̀ sì wà lọ́jà, àtúnṣe lè pé. Ẹ bèèrè bóyá sílíńdà rẹ̀ ní sílíìfù tó ṣe é yọ. Detroit Diesel 6-71 ní in, wọ́n sì lè tún un ṣe nínú ọkọ̀ níbẹ̀ bí àyè bá wà. Caterpillar 3208 àti Cummins 5.9 kò ní in. Bí sílíńdà wọn bá ti jẹ, ó di dandan kí wọ́n gbé e jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lu sílíńdà. Ẹ bèèrè ní kíkọ sílẹ̀ bóyá tọ́bò, nọ́sù àti ẹ̀rọ ìtútù wà nínú owó tí wọ́n pè.

Ìgbà wo la lè ra tuntun?

Bí búlọ́ọ̀kù bá ti là, tí ẹ̀yà kò sí mọ́, tàbí tí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tuntun lè dára jù, torí ó ní wáráńtì. Ṣùgbọ́n owó ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ o: ìjókòó ẹ́ńjìnnì, gíà, pùròpẹ́là, páìpù èéfín àti wáyà lè yí padà. Nígbà mìíràn, wọ́n á gé òkè ọkọ̀ kí ó tó lè wọlé.

Ìbejì ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì sábà ti ṣiṣẹ́ iye wákàtí kan náà. Ẹ má fi tuntun tó yàtọ̀ ti ògbólógbòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára wọn kò ní dọ́gba.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí Èkó, kó rántí pé ẹ́ńjìnnì òde òní ń lo kọ̀ǹpútà, kò sì fara da epo ìdọ̀tí. Mẹkáníìkì tó ti mọ jẹnẹrétọ̀ dísù dunjú lè tètè mọwọ́ ti àtijọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Wọ́n pe ọkọ̀ kan ní $40,000. Irú rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pé ń lọ ní $70,000. Bí àtúnṣe méjèèjì bá jẹ́ $50,000, $90,000 lẹ máa ná sórí ọkọ̀ tí kò lè mú ju $70,000 wá. Bí tuntun méjì bá jẹ́ $110,000, àpapọ̀ rẹ̀ di $150,000. Ẹ̀yin tó ń rà, ìdáhùn tó dára jù níbí ni pé kí ẹ ra èyí tó pé, tàbí kí ẹ ní kí olọ́jà dín iye tí ó pè kù gan-an. Ẹni tó ti ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, tó sì fẹ́ lò ó pẹ́, lè fara mọ́ ìnáwó tí kò ní padà wá nígbà títà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ṣáájú owó, kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ẹ́ńjìnnì kò bá yege, owó àsansílẹ̀ yín á padà. Ajé á wọlé o.