Pápá Ìṣeré Kan ní Zaria Lẹ́yìn Ogun Hítílà

Ogun Hítílà parí ní 1945, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ọjà tí ó bá a wá kò parí. Láàárín ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ, nítorí pé owó oṣù kò ká oúnjẹ mọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì kan Zaria, nítorí ìlú rélùwéè ni. Ibẹ̀ ni ọ̀nà irin tí ó ti Èkó lọ sí Kano ti ya ẹ̀ka sí Kaura Namoda, tí ọ̀nà tóóró kan sì tún gba Jos lọ kí wọ́n tó pa á tì ní 1957.

Iṣẹ́ rélùwéè àti òwò obì wà lára ohun tí ó kó àwọn bàbá wa dé Sabon Gari. Ẹ wo bí orúkọ ti ń yí padà: ní Ìbàdàn, àwọn Hausa ni ará Sábó, ní Zaria, àwa gan-an ni. Emir Ja'afaru wà nínú odi ìlú àtijọ́, àwọn onígbàgbọ́ ìjọ CMS wà ní Wusasa, àwọn àlejò láti Gúúsù sì wà ní Sabon Gari. Oníkálùkù ní àdúgbò tirẹ̀. Ọjà ni ó ń pa wọ́n pọ̀.

Ibòmíràn tí ó tún ń pa ènìyàn pọ̀ dé ní 1949, nígbà tí a kó kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kúrò ní Kaduna wá sí Zaria. Katsina ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1921, kí ó tó dé Kaduna ní 1938. Nígbẹ̀yìn ni ó di Barewa, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe ẹranko kan bí ẹtu, tí ó mọ eré í sá púpọ̀.

Eré ìdárayá kì í ṣe ohun àfiṣeré níbẹ̀. Láti ayé Katsina ni àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé 'fives' wá láti ilé-ìwé Eton: ènìyàn mẹ́rin, méjì kojú méjì, a fi ọwọ́ tí a fi ìbọ̀wọ́ bò gbá bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ògiri. Ahmadu Bello, tí ó jáde ní Katsina ní 1931, kò fi eré yìí sílẹ̀ nígbà tí ó di Olórí Ìjọba Àríwá ní 1954.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọmọ ajíhìnrere kan láti Wusasa wọlé. Yakubu Gowon ni. Ó ń ṣọ́ ojúlé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ó ń fi ọ̀pá fò, ó jẹ́ olórí àwọn akànṣẹ́, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ náà ni ó sì borí gbogbo ẹni tí ó ti sáré máìlì kan ṣáájú rẹ̀ ní ilé-ìwé náà. Hassan Katsina, ọmọ Emir Katsina, gba ilé-ìwé kan náà kọjá. Ta ni ìbá mú ọmọ ajíhìnrere àti ọmọ ọba jọ làágùn bí kì í bá ṣe pápá?

Àwọn ọmọ Ìlọrin àti Kàbà ní ẹ̀tọ́ sí ilé-ìwé yìí, nítorí abẹ́ ìjọba Àríwá ni wọ́n wà. Ọmọ oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́, bí a tilẹ̀ bí i sí Sabon Gari, kò sí lára àwọn tí a torí wọn dá a sílẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ Yorùbá kò mọ eré: ní 1950, Josiah Majekodunmi gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú fífò sókè ní Auckland, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án ní Helsinki ní 1952, nígbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì. Ohun tí ó fo àwọn ọmọ wa dá ni ojúlùmọ̀, èyí kò sì ṣe é rí gbà nínú ìdánwò.

Ní 1966, Gowon di olórí orílẹ̀-èdè nígbà tí Hassan Katsina ń ṣe gómìnà Àríwá. Murtala Mohammed, tí àwọn ológun fi rọ́pò Gowon ní 1975, ọmọ Barewa ni òun náà.