Ẹ̀jẹ̀ Tí Oògùn Ń Fọ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ iná. Ọyẹ́ àdúgbò Titirou wa yìí kì í ṣeré. Ẹ fi ti ìjàpá sílẹ̀ lálẹ́ yìí. Ìyanu tí mo fẹ́ sọ, inú ẹ̀jẹ̀ yín ló wà.

Àwọn kan wà láàárín wa tí ara wọn le koko. Wọ́n ń roko, wọ́n ń ná ọjà Arzèkè, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá lo oògùn kan báyìí. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ti dé, ìtọ̀ ti dúdú bíi kóòkì, èémí kò délẹ̀ mọ́. Ará ilé á ní ayé ló ń ṣe wọ́n.

Ayé kọ́ o. Èròjà tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, ni kò tó lára wọn. Bí oògùn bíi primaquine tàbí dapsone bá wọlé, ẹ̀jẹ̀ á máa fọ́. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rídìí rẹ̀ ní 1956, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n Illinois ní primaquine láti fi wádìí ibà. (Ẹlẹ́wọ̀n! Ta ni ìbá kọ̀ nínú wọn?)

Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó G6PD yìí. N'Íbàdàn, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ló ní in. Kí ló dé tí àbùkù yìí fi pọ̀ tó báyìí? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Obìnrin tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, oríṣi hóró ẹ̀jẹ̀ méjì ló ń ṣàn lára rẹ̀: G6PD ọ̀kan pé, ti èkejì kò pé. Lucio Luzzatto, dókítà ará Ítálì tó ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn rí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ wò nígbà tí ibà ń bá wọn jà. Kòkòrò ibà inú hóró tó pé fi ìlọ́po 2 títí dé 80 ju ti hóró tí kò pé lọ! Ní 1969 ni wọ́n kọ ọ́ jáde. Àbùkù tí oògùn ń tìtorí ẹ̀ pani, òun náà ló ń lé ibà.

Oògùn nìkan kọ́ o. Ìyàwó wa, ìwọ tí ò ń fọ́mọ lọ́mú yẹn, kánfọ̀ funfun tí ẹ ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má jẹ ẹ́ ńkọ́? Òórùn rẹ̀ lásán lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ìkókó tí kò ní G6PD tó, kí ibà pọ́njú wọ ọpọlọ rẹ̀. Kó o kúrò nínú aṣọ ọmọ lálẹ́ yìí. Bí ìtọ̀ ẹnikẹ́ni bá sì dúdú lẹ́yìn oògùn, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kí ẹ mú páálí oògùn náà dání.